Mọ́tò Kọ̀, Kò Jí: Jump Starter Wo Ló Yẹ Kẹ́ Ẹ Rà?

Gbogbo awakọ̀ ló mọ ohùn yẹn. Ẹ ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́, ẹ yí i, kàkà kí ẹ́ńjìnì dáhùn, "kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀" lẹ ń gbọ́, iná inú mọ́tò á sì máa ṣẹ́jú bí ẹni tí oorun ń kùn. Tó bá jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà ilé yín ní Ìkẹ́rẹ́ ló ti ṣẹlẹ̀, ẹ ó kàn pe aládùúgbò ni. Àmọ́ tó bá jẹ́ lọ́nà oko, lẹ́yìn Àgbàdo, tí ilẹ̀ sì ti ń ṣú, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ nìyẹn.

Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí àwọn ríwáyà àtàwọn tó ń ta nǹkan mọ́tò ń pè ní jump starter. Kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju páwà báǹkì tá a fi ń ṣáájì fóònù lọ. Ó ní wáyà kúkúrú méjì, pupa kan, dúdú kan, tẹ́ ẹ máa fi gbá bátìrì mú. Bó bá jẹ́ ojúlówó, ẹ́ńjìnì á jí láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ ò sì ní bẹ ẹnikẹ́ni. Bó bá jẹ́ ayédèrú, owó yín ti wọgbó, ó sì tún lè gbiná mọ́ yín lọ́wọ́. Ayédèrú ọ̀hún pọ̀ lọ́jà o, ìdí nìyẹn tá a fi ní ká jókòó tì í dáadáa.

Ẹnì kan lè bi wá pé, ṣebí títì la máa ń ti mọ́tò látijọ́? Òótọ́ ni. Ẹ fi sí gíà kejì, ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì, àwọn ọmọkùnrin méjì tàbí mẹ́ta tì í, ẹ fi ẹsẹ̀ sílẹ̀, ó jí. Àwọn àgbà tó mọ bọ́lẹ́kájà á tiẹ̀ rántí irin tí ọmọ ọkọ̀ máa ń kì bọ iwájú ẹ́ńjìnì tí á máa fi yí i pẹ̀lú agbára. Ọdún 1912 ni Cadillac ti Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í lo ẹ̀rọ iná tó ń jí ẹ́ńjìnì, èyí tí Charles Kettering ṣe, látìgbà náà ni gbogbo wa ti di ẹrú bátìrì. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé èyí tó pọ̀ jù nínú Corolla, Camry, Sienna àti Highlander tòkunbọ̀ tá à ń gùn nísinsìnyí, ọ̀tómátíìkì ni wọ́n. Mọ́tò ọ̀tómátíìkì kò ṣe é tì jí. Ìgbà tí ẹ́ńjìnì bá ti ń ṣiṣẹ́ ni pọ́ǹpù inú gíà rẹ̀ tó ń ti ọ́ìlì, nítorí náà táyà kò lè yí ẹ́ńjìnì láti ìsàlẹ̀ wá. Ẹ tì í dé Ado, kò ní jí.

Kébù náà wà, ìyẹn wáyà gígùn tí wọ́n fi ń yá iná lára bátìrì mọ́tò ẹlòmíì. Kébù dára, a ò bú u. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ mọ́tò kejì, ó sì fẹ́ awakọ̀ tó máa gbà láti dúró. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, àwọn ajínigbé kó àwọn ọmọ iléèwé àtàwọn olùkọ́ wọn lọ nínú bọ́ọ̀sì ní agbègbè Èmùré-Èkìtì. Kì í ṣe bátìrì ló dá bọ́ọ̀sì yẹn dúró, ṣùgbọ́n látìgbà náà, ta ló máa rí ẹni tó ń juwọ́ lẹ́bàá igbó ní aago méje àbọ̀ alẹ́ tó máa tẹ bíréèkì? Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀yin tí mọ́tò yín kú náà kì í fẹ́ kí ẹni tẹ́ ẹ ò mọ̀ rí dúró tì yín. Ẹ̀rọ tẹ́ ẹ máa lò fúnra yín láìpe ẹnikẹ́ni ti wá níyì ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ.

Ṣé bátìrì tiẹ̀ ni?

Kẹ́ ẹ tó náwó, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá bátìrì ló ń ṣe yín ní jàǹbá. Ẹ tan iná iwájú. Tó bá mọ́lẹ̀ rokoṣo, síbẹ̀ tí ẹ́ńjìnì kò yí, tó kàn dún "kẹ́" lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ wo orí bátìrì níbi tí wáyà ti so mọ́ ọn. Tí ìyẹ̀fun funfun tàbí aláwọ̀ ewé bá ti bo ibẹ̀, tàbí tí wáyà bá ń mì, iná ò lè kọjá dáadáa. Omi gbígbóná díẹ̀ àti búrọ́ọ̀ṣì eyín tó ti gbó á ṣe é. Ẹ tú wáyà dúdú kúrò kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ sì dè é padà kó le. Àwọn kan máa ń da mínírà olójú dúdú sí i. Ó ń fọ̀ ọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ṣúgà rẹ̀ á kù síbẹ̀. Omi gbígbóná tó o.

Tẹ́ ẹ bá ní mítà, ohun tẹ́ ẹ máa wò kò le. Bátìrì mọ́tò tó kún dáadáa, tí ẹ́ńjìnì sì ti sinmi fún wákàtí díẹ̀, yẹ kó wà ní 12.6 fólítì. Tó bá jẹ́ 12.2, ó ti dé ìdajì. Tó bá ti wọ 11 pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́, ó ti tán nìyẹn. Tó bá dúró sí bíi 10.5 lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣáájì í, ó ṣeé ṣe kí yàrá kan nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti kú, bátìrì tuntun ló kàn. Nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́, mítà gbọ́dọ̀ fi nǹkan bíi 13.8 sí 14.5 hàn. Tí kò bá dé bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ tó ń ṣáájì bátìrì nínú mọ́tò, tí wọ́n ń pè ní ọtánétọ̀, ló ṣàìsàn, tàbí kí bẹ́líìtì rẹ̀ ti dẹ̀. Kò sí jump starter tó lè wo ọtánétọ̀ sàn. Á jí mọ́tò fún yín ní Ìsẹ̀, á sì tún kú fún yín kẹ́ ẹ tó dé Ìkẹ́rẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí mẹ́káníìkì kankan tú orí bátìrì yín nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́ torí ó fẹ́ mọ̀ bóyá ọtánétọ̀ ń ṣáájì. Mọ́tò àtijọ́ lè fara dà á. Mọ́tò tó ní kọ̀ǹpútà lè tibẹ̀ jóná, owó bátìrì tuntun kò sì ní tó tún un ṣe.

Nọ́ńbà tó wà lára páálí

Ibí yìí ni wọ́n ti ń rẹ́ èèyàn jẹ jù. Páálí kan á kọ 3000A, òmíràn á kọ 6000A, tí àwọn méjèèjì ò sì ju fóònù ńlá lọ. Nọ́ńbà gàgàrà yẹn ni iná tó pọ̀ jù tí ẹ̀rọ náà lè tú jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan ó dín, kó tó rẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe èyí tó lè fún kíkísítátà yín títí ẹ́ńjìnì fi máa jí. Èyí tẹ́ ẹ ń wá ni wọ́n sábà máa ń kọ ní lẹ́tà kékeré: "starting current" tàbí "cranking current". Kì í sábà ju ìdajì nọ́ńbà ńlá yẹn lọ, òmíràn ò tiẹ̀ dé ìdá mẹ́ta rẹ̀. Tí páálí bá kọ èyí tó tóbi, tí kò sọ nǹkan kan nípa èkejì, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.

Mélòó wá ni mọ́tò ń fẹ́? Ẹ́ńjìnì bẹntiróòlù onísìlíńdà mẹ́rin, irú ti Corolla 1.8 tàbí Camry 2.4, á gba nǹkan bíi 100 sí 200 áńpù láti yí. Ti Sienna tàbí Highlander onísìlíńdà mẹ́fà máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ́ńjìnì dísù ló le jù, torí ó ń ki afẹ́fẹ́ mọ́lẹ̀ gan-an kó tó lè gbiná. Hilux onídísù lè fẹ́ 400 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, ẹni tó ní Corolla, tó bá rí ojúlówó tí starting current rẹ̀ jẹ́ 300 tàbí 400, ó ti bọ́. Ẹni tó ní Sienna kó wá 500. Onídísù kó má ra èyí tí wọn ò kọ ọ̀rọ̀ dísù sí lára pẹ̀lú iye lítà ẹ́ńjìnì tó lè gbé. Bí àpẹẹrẹ, NOCO GB40 tí àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń lò, 1000A ló kọ, ó sì sọ ọ́ gbangba pé ẹ́ńjìnì bẹntiróòlù tó dé lítà 6 àti dísù tó dé lítà 3 lòun lè jí. Bí ọ̀rọ̀ ṣe yẹ kó lójú nìyẹn. A ò ní kẹ́ ẹ lọ ra òun o, àpẹẹrẹ là ń ṣe.

Nọ́ńbà kejì tó ń tan èèyàn ni mAh. Ọlọ́jà á ní, "Ẹ̀gbọ́n, 20,000 lèyí, tọ̀hún 12,000 ni." Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. 12,000 mAh, lórí 3.7 fólítì tí bátìrì inú rẹ̀ ń lò, jẹ́ 44 Wh. Bátìrì mọ́tò kékeré tó jẹ́ 45 Ah, lórí 12 fólítì, jẹ́ 540 Wh. Ẹ rí i pé jump starter kò lè ṣáájì bátìrì mọ́tò kún láéláé, kò tiẹ̀ sún mọ́ ọn. Iṣẹ́ rẹ̀ ò ju kó ran kíkísítátà lọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Iná tí ìyẹn sì ń jẹ lórí mọ́tò kékeré, kò tó 2 Wh. GB40 tá a mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan, 24 Wh péré ló wà nínú rẹ̀. mAh tó pọ̀ á jẹ́ kẹ́ ẹ ṣáájì fóònù ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ìyẹn náà sì wúlò níbi tí iná ò ti fi bẹ́ẹ̀ wá, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló ń jí mọ́tò.

Oríṣi mẹ́ta ló wà

Èyí tó pọ̀ jù lọ́jà ni onílítíọ́ọ̀mù, ẹbí kan náà pẹ̀lú bátìrì fóònù. Ó fúyẹ́, ó lágbára, àmọ́ ooru ni ọ̀tá rẹ̀. Nínú wọn, àwọn kan wà tí wọ́n kọ LiFePO4 sí lára. Wọ́n máa ń wúwo díẹ̀, owó wọn sì máa ń ga díẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń fara da ooru ju àwọn yòókù lọ, wọn kì í sì í tètè gbiná. Tówó bá wà, òun là bá ní kẹ́ ẹ mú.

Ìkejì ni àpótí ńlá olómi ásíìdì, irú èyí tí àwọn vọkanáísà kan ní, tó tún máa ń ní ẹ̀rọ tó ń fẹ́ táyà. Ó lágbára lóòótọ́. Àmọ́ ó wúwo, tẹ́ ẹ bá sì fi sílẹ̀ fún oṣù mélòó kan láìṣáájì í, òun fúnra rẹ̀ á kú. Ṣọ́ọ̀bù ló yẹ ẹ́, kì í ṣe inú búùtù yín.

Ẹ̀kẹta ni kò tíì wọ́pọ̀, òun ló sì wù wá jù láti sọ̀rọ̀ rẹ̀. Wọ́n ń pè é ní supercapacitor. Kò ní bátìrì nínú. Ìwọ̀nba iná tó ṣẹ́ kù nínú bátìrì mọ́tò yín tó ti rẹ̀ ló máa fà pọ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, á wá tú u jáde lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni tó kó èémí jọ kó tó gbẹ́rù. Ooru kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe é ní nǹkan, kò nílò kẹ́ ẹ máa ṣáájì í loṣooṣù, ó sì lè lo ọ̀pọ̀ ọdún. Fún ẹni tí iná kì í dé àdúgbò rẹ̀, ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn? Àléébù rẹ̀ ni pé kò lè ṣáájì fóònù, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sì ń gbìyànjú kó tó tún kó iná jọ. Tí bátìrì bá ti gbẹ pátápátá, tí kò ku nǹkan kan nínú rẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ fi páwà báǹkì tàbí mọ́tò míì ṣáájì í ná.

Ẹ̀yin onítípà àtẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi lọ́rì kó gẹdú láti igbó Ìsẹ̀ àti Èmùré, ẹ fetí sí èyí. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ńlá yín ló ń lo 24 fólítì, bátìrì méjì tí wọ́n so pọ̀. Jump starter 12 fólítì kò wà fún wọn. Tẹ́ ẹ bá so ó mọ́ 24, ó lè bú gbàmù. Èyí tí wọ́n dìídì kọ 24V sí lára ni kẹ́ ẹ béèrè.

Ẹ wo ẹnu tó fi ń gbá bátìrì mú

Ẹ má wo ara rẹ̀ tó ń dán. Ẹnu rẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò. Kó jẹ́ bàbà, kó le, kó di orí bátìrì mú ṣinṣin. Wáyà rẹ̀ gbọ́dọ̀ nípọn, kó sì kúrú. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ á gbóná, iná á sì sọnù sínú rẹ̀. Láàárín wáyà méjèèjì, ó dáa kí àpótí kékeré kan wà tó ní iná pupa àti aláwọ̀ ewé. Òun ló máa kọ̀ láti ṣiṣẹ́ tẹ́ ẹ bá ṣèèṣì fi pupa sórí dúdú nínú òkùnkùn. Èyí tí kò bá ní in, ẹ má rà á, ó tán.

Bọ́tìnì kan tún wà tí wọ́n máa ń kọ "boost" tàbí "override" sí. Tí bátìrì bá ti kú pátápátá, ẹ̀rọ náà kì í mọ̀ pé bátìrì wà níwájú òun, bọ́tìnì yìí lẹ máa fi fipá mú un. Ó wúlò gan-an, àmọ́ nígbà tẹ́ ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́, ààbò tá a sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn kì í ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì, kẹ́ ẹ wo pupa àti dúdú lẹ́ẹ̀mejì kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Lílò rẹ̀ kò gba iṣẹ́ kíkọ́. Ẹ pa iná, rédíò (kódà tó bá jẹ́ tiwa lẹ ń gbọ́) àti AC. Pupa sórí àmì àròpọ̀, dúdú sórí àmì àyọkúrò tàbí sára irin ẹ́ńjìnì tí kò ní ọ̀dà. Ẹ má mu sìgá níbẹ̀, ẹ má sì tanná ìṣáná, torí afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára bátìrì ásíìdì lè gbiná. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́, kó má ju ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún lọ. Tí kò bá jí, ẹ sinmi fún bí ìdajì ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kẹ́ ẹ tó tún un ṣe. Ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin tí kò jí, ẹ dáwọ́ dúró, nǹkan míì ló ń ṣe mọ́tò yẹn. Tó bá wá jí, ẹ yọ ẹ̀rọ náà kíá, kí ọtánétọ̀ má baà máa ti iná wọ inú rẹ̀. Ẹ wá wa mọ́tò náà fún ìdajì wákàtí ó kéré tán. Kẹ́ ẹ kàn jẹ́ kó máa dún sójú kan kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe bátìrì lóore. Èyí tó dáa jù ni kẹ́ ẹ gbé bátìrì lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣáájì bátìrì ní alẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ibi tẹ́ ẹ máa tọ́jú rẹ̀ sí ṣe pàtàkì bí èyí tẹ́ ẹ rà ṣe ṣe pàtàkì. Mọ́tò tí wọ́n gbé sínú oòrùn ọ̀sán nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì láti àárọ̀, inú rẹ̀ lè gbóná ju 50 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Lítíọ́ọ̀mù kò fẹ́ bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ má gbé e sórí dáṣíbọọ̀dù. Inú báàgì yín ni kó wà, kó máa bá yín wọlé, kó máa bá yín jáde, bí fóònù yín. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kẹ́ ẹ sì ṣáájì í kún ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta bẹ́ ẹ ò bá tiẹ̀ lò ó. Ẹ ra èyí tó lè gba iná láti ojú sítọ́ọ̀fù... rárá, láti ojú ihò sìgá mọ́tò, tàbí láti ara sólà tó ń ṣáájì fóònù, kẹ́ ẹ má baà máa wojú NEPA. Tí ikùn rẹ̀ bá ti wú, ẹ má ṣáájì í mọ́, ẹ má sì jù ú sínú iná ààtàn.

Nípa ọjà, yálà Ado lẹ ti rà á ni, tàbí Ládípọ̀ ní Èkó, tàbí orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ gba rìsíìtì, kẹ́ ẹ sì béèrè iye oṣù tí wọ́n fi dúró fún un. Èyí tẹ́ ẹ bá lè dán wò níwájú ọlọ́jà ló dáa jù: ẹ jẹ́ kó fi jí mọ́tò tí bátìrì rẹ̀ ti rẹ̀. Ọlọ́jà tí ọjà rẹ̀ dá lójú kò ní bínú.

Àwọn ẹbí tó wà ní Lọ́ńdọ̀n àti Amẹ́ríkà náà máa ń béèrè bóyá àwọn lè mú un bọ̀ wálé ní Kérésì. Inú ẹrù tí wọ́n ń gbé sábẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kọ́ ni kó wà, òfin kò gbà á. Ẹrù ọwọ́ ni. Tí kò bá ju 100 Wh lọ, ìlànà àgbáyé fàyè gbà á. Láti 100 sí 160, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Tó bá ju 160 lọ, kò lè bá èrò wọkọ̀. Wh yẹn gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ sára rẹ̀ gbangba. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan ṣì lè ní òfin tiwọn tó le ju èyí lọ, nítorí náà kí wọ́n pè wọ́n kí wọ́n tó lọ sí pápákọ̀ òfuurufú.